Kí Á Má Ra Ọ̀dà, Egungun Mọ́tò Ni Kí Á Rà

Ọ̀rọ̀ mọ́tò ni mo mú wá lọ́tẹ̀ yìí. Bọ́ọ̀sì àtijọ́ kan wà tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀dì, kọ́bọ́ọ̀dù àti ibi ìdáná sí inú rẹ̀, tí èèyàn lè fi rìnrìn àjò kó sì sùn sínú ẹ̀. Àwọn kan ní òmùgọ̀ nìkan ló máa fi irú ẹ̀ ṣe mọ́tò àkọ́kọ́. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, ogbó mọ́tò kọ́ ni wàhálà. Ọ̀dà tí wọ́n fi bo àìsàn ẹ̀ mọ́lẹ̀ ni wàhálà.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Bàbá mi àti àbúrò wọn ti ń dá àjọ láti bí ọdún méjì kí wọ́n lè ra irú bọ́ọ̀sì Volkswagen bẹ́ẹ̀. Kò sí èyí tó ti ra mọ́tò rí nínú àwọn méjèèjì. Àwa mẹ́jọ la máa ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́dún Kérésìmesì, ọkọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la sì máa ń wọ̀ ní páàkì torí pé àyè kì í tó. Ọkàn màmá mi kì í balẹ̀ títí àwọn tó wà nínú ọkọ̀ kejì á fi pè pé àwọn ti dé. Bí bọ́ọ̀sì náà bá dára, gbogbo wa á jọ wà lójú kan. Bí kò bá dára, owó àjọ ọdún méjì lọ nìyẹn, ẹ̀mí wa ni mo sì tún ń sọ yìí.

Ẹ má rò pé nǹkan òyìnbó tó jìnnà sí wa ni. Ọdún 1950 ni Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bọ́ọ̀sì yìí ní Jámánì. Nígbà tó di 1951, ilé iṣẹ́ Westfalia níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun èlò ilé sí inú ẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ fi gbafẹ́. Bọ́ọ̀sì yẹn náà ló dé Èkó, tí wọ́n kùn ún ní yẹ́lò, tí wọ́n fa ìlà dúdú sí i lára, tí kọ̀ńdọ́ rọ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀, tí a sọ ọ́ ní dáńfó! Ọdún 1975 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò Volkswagen jọ ní ilé iṣẹ́ tó wà lọ́nà Badagry ní Èkó, títí kan èyí tí a ń pè ní Ìjàpá. Ohun tí òyìnbó fi ń gbafẹ́, àwa fi ń jẹun. Ìyẹn dára fún ẹni tó ń ra àkọ́kọ́, torí pé mẹkáníìkì àgbà tó mọ inú ẹ̀ kò wọ́n lọ́dọ̀ wa.

Kí ni kí ẹni tó fẹ́ rà á kọ́kọ́ wò? Egungun ni. Ẹ́ńjìnnì ṣeé pààrọ̀, ṣùgbọ́n tí ìpẹtà bá ti jẹ irin abẹ́ mọ́tò tán, kí lẹ fẹ́ so ẹ́ńjìnnì mọ́? Àwọn alárékérekè á fi pọ́tì dí ihò, wọ́n á kùn ún, á máa dán yinrin. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì wa ti kọ́ wa pé òòfà máa ń fa irin. Ẹ wé òòfà kékeré sínú aṣọ kó má baà ha ọ̀dà, kí ẹ gbé e kiri ara mọ́tò náà. Ibi tí kò bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ fura, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pọ́tì ló wà níbẹ̀. Ẹ dùbúlẹ̀ wo abẹ́ ẹ̀, ẹ wo ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, àyíká táyà àti ibi tí bátìrì jókòó sí. Tí òrùlé ẹ̀ bá jẹ́ èyí tó ń ṣí sókè, ẹ da omi sí i, kí ẹ wọlé lọ wò bóyá ó ń jò.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan ẹ́ńjìnnì. Kó tó di ọdún 1990 tí Volkswagen gbé ẹ́ńjìnnì bọ́ọ̀sì yìí wá síwájú, ẹ̀yìn ló máa ń wà. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ò ní rédíétọ̀, atẹ́gùn ló ń tù ú. Ẹ gbọ́ ná: bẹ́ẹ̀dì sábà máa ń nà dé òkè ẹ́ńjìnnì yẹn gan-an. Rọ́bà tó ń gbé epo lọ máa ń gbẹ, á sán, epo á máa kán sórí irin gbígbóná. Iná ló ń bọ̀ yẹn! Torí náà, èyíkéyìí tí wọ́n bá rà, kí wọ́n pààrọ̀ gbogbo rọ́bà epo kí ẹnikẹ́ni tó sùn sínú ẹ̀, kí ohun ìpaná sì wà níbẹ̀. Kí wọ́n lọ wò ó ní ìdájí kí ẹni tó ń tà á tó sáná sí i, torí pé ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná lè fi àìsàn ẹ̀ pamọ́. Kí wọ́n mú mẹkáníìkì tiwọn lọ, kì í ṣe ti ẹni tó ń tà á. Ṣebí láti Dúrúmí tí ilé ìwé wa wà yìí, ọgbà àwọn mẹkáníìkì ní Àpò kò jìnnà. Kí nọ́ńbà tó wà lára irin mọ́tò sì bá ti inú ìwé ẹ̀ mu, kí wọ́n má baà gbà á lọ́wọ́ wọn lójú ọ̀nà.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Ọ̀rẹ́ mi kan ní yàrá wa ní Sienna ni àwọn èèyàn ń wọ̀ lọ sílé láti Abuja, pé ó yá, atẹ́gùn tútù sì ń fẹ́ nínú ẹ̀. Òótọ́ ni. Ẹni tó kàn fẹ́ tètè dé, kó ra Sienna. Màmá mi ní tiwọn ní àwọn ò ní sùn lẹ́bàá ọ̀nà láéláé. Wọ́n tọ̀nà, ẹni tó bá ń gba ọ̀nà Lọ́kọ́jà mọ ìdí. Ṣùgbọ́n ta ló ní ẹ̀bá ọ̀nà la ti máa sùn? Àwa Yorùbá ní ẹbí. Ọ̀sán ni kí mọ́tò rìn, inú ọgbà ẹbí ni kó sùn. Lọ́jọ́ ọdún tí ilé bàbá àgbà bá kún, tí àwa ọmọdé ń sùn sórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, bọ́ọ̀sì yẹn di yàrá kan nìyẹn.

Ẹ sì wo arábìnrin Pẹ̀lúmi Nubi. Ọjọ́ 30 oṣù Kìíní ọdún 2024 ló kúrò ní London, òun nìkan, nínú Peugeot 107 kékeré. Ó ní jàǹbá ní Côte d'Ivoire, wọ́n tún mọ́tò náà ṣe, ó sì wọ Èkó lọ́jọ́ 7 oṣù Kẹrin. Mọ́tò ńlá kọ́, tuntun kọ́. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé mọ́tò lè bàjẹ́ lọ́nà kí ìrìn àjò má bàjẹ́, tí èèyàn bá ti múra sílẹ̀ fún àtúnṣe.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí wọ́n má ná gbogbo owó àjọ tán lọ́jọ́ tí wọ́n bá ra mọ́tò. Kí wọ́n pín in sí mẹ́ta: kí ìdá méjì ra mọ́tò, kí ìdá kan dúró fún táyà, búréèkì, rọ́bà epo àti ohun tí ojú ò tíì rí. Bí iye tí wọ́n pè é bá gbé gbogbo owó náà mì, kí wọ́n fi í sílẹ̀. Mo sọ fún bàbá mi lọ́jọ́ ìbẹ̀wò. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ṣé èmi náà ti di mẹkáníìkì ni. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ẹni tó ń ta ọ̀kan tí wọ́n rí ń pè wọ́n lójoojúmọ́ pé kí wọ́n tètè sanwó, pé ẹlòmíràn ti ń kó owó bọ̀. Kí ẹlòmíràn yẹn máa gbé e lọ. Mọ́tò ò lè tán lọ́jà, owó àjọ ló lè tán.