Ìwé Ẹ̀bẹ̀ sí Ọbaró ti Kàbà Lórí Owó Ojú Ọ̀nà

Kábíyèsí, Ọbaró ti Kàbà. Àwa ọmọ yín tí à ń ṣe ilẹ̀ tẹràsò, tí a sì ń ta táìlì nínú ìlú yìí, dọ̀bálẹ̀. Àwọn obìnrin inú wa kúnlẹ̀.

Kábíyèsí, Jakura nítòsí Lọ́kọ́ja ni òkúta mábù tí a fi ń ṣe tẹràsò ti ń wá. Nígbà tí ọ̀nà bàjẹ́, kòtò ló ń dá ọkọ̀ wa dúró. Nísinsìnyí tí wọ́n ti fi kọnkéré ṣe kìlómítà 43 láti Obajana dé Kàbà, okùn ló ń dá wa dúró. Àwọn kan tí kò wọ aṣọ iṣẹ́ á na okùn sójú ọ̀nà, wọ́n á gba owó òkúta. Bí a bá sún síwájú díẹ̀, àwọn mìíràn á ní owó ẹrù ni tiwọn. Bí a bá já ẹrù tán níwájú ṣọ́ọ̀bù, ẹlòmíràn á tún yọ tíkẹ́ẹ̀tì. Ìwé tí ẹni àkọ́kọ́ fún wa, ẹni kejì kì í gbà á. A so àwọn ìwé owó tí a rí gbà mọ́ lẹ́tà yìí. Àwọn kan kì í tilẹ̀ kọ nǹkan kan fúnni.

Bẹ́ẹ̀, òkúta yìí kò tíì di ilẹ̀. A ó ṣì fi gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ pín ojú yàrá, a ó po òkúta náà mọ́ sìmẹ́ǹtì funfun, a ó dà á, a ó jẹ́ kó le, kí a tó máa fi ẹ̀rọ lọ̀ ọ́ nínú omi títí yóò fi dán. Jẹnẹrétọ̀ ló ń gbé ẹ̀rọ náà, Kábíyèsí sì mọ ohun tí epo dà láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ rẹ̀. Bí a bá wá lé owó okùn lórí èyí, oníbàárà á ní táìlì lòun ń rà. Òótọ́ ni pé àwa náà ń tà á, Ajaokuta tí wọ́n ti ń ṣe é kò sì jìnnà. Ṣùgbọ́n èrè orí páálí táìlì kò lè bọ́ àwọn tí ń lọ ilẹ̀. Àwọn ọmọṣẹ́ wa ti ń fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ lọ gun ọ̀kadà.

A kò kọ owó ìlú. Bí ìlú bá ń dá owó, a kì í gbẹ́yìn. Ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí tó bá sán, a máa ń tún un ṣe láìgba owó iṣẹ́.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ni kí Kábíyèsí pe ìjọba ìbílẹ̀ àti gbogbo àwọn tí ń gbowó jọ, kí a máa san án lójú kan, lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ìwé owó kan ṣoṣo sì kọjá láti ojú ọ̀nà dé ṣọ́ọ̀bù. Iye tí wọ́n bá fẹnu kò sí níwájú yín, a ó san án. Ọjọ́ tó bá wu Kábíyèsí la ó wá sí ààfin.

Àwa ni ọmọ yín tòótọ́,
Àwọn oníṣẹ́ tẹràsò àti oníṣòwò táìlì, Kàbà