Bí Bọ́ọ̀sì Oníná Bá Kọ Jíà, Ẹ Má Di Ẹ̀bi Ru Awakọ̀



Láti ọdún 2023 ni bọ́ọ̀sì tí iná mànàmáná ń gbé rìn ti bẹ̀rẹ̀ sí í ná títì Èkó. A kò lòdì sí i. Kì í rú èéfín, ariwo rẹ̀ kò sì pọ̀. Ṣùgbọ́n òkèèrè ni a ti ń wo igi ganganran, kí ó má baà gún ni lójú. Bí irú ọkọ̀ yìí bá kọ̀ tí kò gba jíà, ta ni wọn yóò dá lẹ́bi?

Ẹni tí ó ti wa mólúè mọ̀ pé bí jíà bá ń ké, ó lè jẹ́ pé kilọ́ọ̀ṣì ti jẹ, tàbí pé awakọ̀ kò tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ti bọ́ọ̀sì oníná kò rí bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn kò ní kilọ́ọ̀ṣì rárá. Bọ́tìnnì D, N àti R tí awakọ̀ ń tẹ̀, iṣẹ́ ni ó ń rán sí kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà ni yóò gbà tàbí tí yóò kọ̀.

Nítorí náà, kí a yẹ nǹkan wọ̀nyí wò kí ẹnikẹ́ni tó pariwo. Ṣé ẹsẹ̀ wà lórí bíréèkì? Ṣé wọ́n ti yọ waya tí a fi ń gba iná? Ṣé ilẹ̀kùn ti padé? Ṣé afẹ́fẹ́ bíréèkì ti pé? Ṣé bátìrì kékeré, èyí tí ó jẹ́ 24 fólítì nínú bọ́ọ̀sì ńlá, kò ti rẹ̀? Bí èyí bá rẹ̀, kọ̀ǹpútà kò ní jí dáadáa, bí bátìrì ńlá tilẹ̀ kún. Lẹ́yìn náà, kí a pa ọkọ̀, kí a dúró díẹ̀, kí a tún un tan. Bí ó bá ṣì kọ̀, kí awakọ̀ kọ ohun tí ó hàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù sílẹ̀, kí ó sì pe gáréèjì.

Ibẹ̀ ni kí ó dúró sí. Waya aláwọ̀ ọsàn tí ẹ ń rí lábẹ́ ọkọ̀ náà kì í ṣe ohun àmúṣeré. Iná inú rẹ̀ lè ju 400 fólítì lọ. Ti ilé wa kò ju bí 230 lọ. Mẹkáníìkì tí a kò bá kọ́ ní iṣẹ́ náà, kí ó má fọwọ́ kàn án, bí ọ̀gá tilẹ̀ pàṣẹ.

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2016. Fiat Chrysler pe mọ́tò bí 1,100,000 padà. Wọn kì í ṣe oníná, ṣùgbọ́n waya ni ọ̀pá jíà wọn fi ń rán iṣẹ́. Kò hàn sí àwọn tí ń wà á bóyá jíà ti wọ P. Wọ́n bọ́ sílẹ̀, mọ́tò yí lọ, àwọn kan sì farapa. Mọ́tò ni ilé iṣẹ́ náà tún ṣe, lọ́fẹ̀ẹ́.

Ohun tí a ń béèrè kò pọ̀. Kí wọ́n kọ́ awakọ̀ àti mẹkáníìkì kí wọ́n tó fi ọkọ̀ lé wọn lọ́wọ́. Kí wọ́n ka ohun tí kọ̀ǹpútà kọ sílẹ̀, lójú aṣojú ẹgbẹ́, kí wọ́n tó kọ ìwé ẹ̀sùn. Kí ẹnikẹ́ni má sì yọ kọ́bọ̀ nínú owó oṣù awakọ̀ nítorí jíà tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìṣọ̀kan wa ni agbára wa.