Ẹ Fa "Stability" Yẹn Wá Sápá Òsì!

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òǹkọ̀wé! Ẹ má bínú sí mi, ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí lè má dùn mọ́ àwọn kan nínú yín. Ìtàn méjì àti ewì kan ló jáde nínú ìwé wa tó kọjá lórí tírélà tó ṣubú. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, dírẹ́bà ti mu ògógóró yó. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta! Mo wá ń bi ara mi pé, ṣé kò sí nǹkan mìíràn tó lè gbé tírélà ṣubú láyé yìí ni? Níbo la ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí? Èmi mọ ibi tí mo ti kọ́ tèmi. Orí láptọ́ọ̀pù ni.

Gbogbo yín lẹ mọ Euro Truck Simulator 2. SCS Software ní ìlú Prague ló gbé e jáde ní October 2012, àwọn kan náà tó ṣe 18 Wheels of Steel tí àwọn ẹ̀gbọ́n wa gbá ní sáà tiwọn. Bí NEPA bá ti mú iná wá báyìí, ariwo á sọ: "Guy, game yìí real gan-an!" Kí ló real níbẹ̀? Wọ́n á ní òjò ń rọ̀ sára gíláàsì, wáípà ń gbá a kúrò, ẹ́ńjìnnì ń dún bíi ti gidi. Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó pa mí lẹ́nu mọ́.

Ìpakodò ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, kò jìnnà sí Ikorodu Lighter Terminal ti NPA, níbi tí kọ̀ntẹ́nà ti ń gba orí omi wá láti Àpápá. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń wa tírélà. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti ń gbé kọ̀ntẹ́nà jáde níbẹ̀, lọ sí Odògúnyàn, lọ sí Ṣàgámù, títí dé Ìbàdàn. Lọ́jọ́ kan ó wá kí mi ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, ó bá èmi àti rúùmétì mi nídìí géèmù. A ní, "Bàbá, ẹ wá wo iṣẹ́ yín." Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wò wá. Mo gba kọ́nà kan ní 70, ẹrù tọ́ọ̀nù 22 ń bẹ lẹ́yìn mi, tírélà sì ń tẹ̀ lé mi jẹ́jẹ́ bí ọmọ ewúrẹ́ tó ń tẹ̀ lé ìyá ẹ̀.

Bàbá ní, "Kí lo gbé?"

"Tọ́ọ̀nù méjìlélógún ni, sà."

"Irọ́ ni. Ọkọ̀ òfìfo lò ń wà yẹn."

Rúùmétì mi bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín, torí mo mọ ohun tí mo ṣe. Bí ẹ bá ṣí settings géèmù náà, ẹ máa rí "Truck stability" àti "Trailer stability" níbẹ̀. Bí ẹ bá fà á sápá ọ̀tún, ọkọ̀ á dúró gbagidi bí igi ìrókò. Bí ẹ bá fà á sápá òsì, á bẹ̀rẹ̀ sí í fì, á máa tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, á sì ṣubú bí ẹ bá ṣi eré sá. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo ṣubú lẹ́ẹ̀mẹta ni mo ti fà á dé òpin ọ̀tún, tí mo sì gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tí Bàbá lọ, mo fà á wá sápá òsì. Mo gba kọ́nà yẹn ní 70, ó dojú dé. Mo gbà á ní 60, ó tún dojú dé. Ìgbà tí mo sọ eré kalẹ̀ sí 40 ni mo tó rí i gbà kọjá.

Ẹ̀yin ará Physics, ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Bí eré bá di ìlọ́po méjì ní kọ́nà, agbára tó ń ti ọkọ̀ síta á di ìlọ́po mẹ́rin. Kọ̀ntẹ́nà fúnra ẹ̀ ga tó mítà 2.6, orí bẹ́ẹ̀dì tó ti ga sókè tẹ́lẹ̀ ló sì jókòó lé, nítorí náà òkè ni ìwúwo wà. Tírélà tó rù dáadáa lè ṣubú bí agbára tó ń tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ bá ti tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìwúwo rẹ̀. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lè gba ju ìlọ́po méjì ìyẹn lọ kó tó ṣubú. Ó dáa, ẹ wá mú kọ́nà tí rédíọ́ọ̀sì rẹ̀ jẹ́ mítà 30. Eré tí ìṣirò náà gbé jáde ni 36 kìlómítà ní wákàtí kan. Mẹ́rìndínlógójì péré! Kẹ̀kẹ́ Márúwá ń sá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí táyà ẹ̀gbẹ́ kan tún wá kó sí kòtò, ó tún dín sí i nìyẹn. Ọkùnrin tó wà nídìí sítíà yẹn lè má tíì fẹnu kan ọtí láti àárọ̀.

Èyí tí géèmù ò tilẹ̀ ní ká ṣe rárá ni ti lọ́ọ̀kì. Igun mẹ́rin ìsàlẹ̀ kọ̀ntẹ́nà ló yẹ kí twist lock ti dì í mú mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Bí wọn ò bá tì í, kọ̀ntẹ́nà ò ní dúró de ọkọ̀ kó tó ṣubú, òun nìkan ló máa fò sílẹ̀. Ní September 2, 2015, kọ̀ntẹ́nà já láti orí afárá Ojúẹlẹ́gba lé jíìpù kan, ènìyàn 3 kú. Ní January 29, 2023, lórí afárá kan náà, kọ̀ntẹ́nà já lé bọ́ọ̀sì èrò, ènìyàn 9 kú. Mi ò sí níbẹ̀, mi ò sì dá ẹnikẹ́ni láre. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní: bó bá jẹ́ pé ọtí nìkan ni, ṣé orí afárá yẹn nìkan ni wọ́n ti ń mu ún ni?

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ẹ máa ní, "Géèmù ni jàre, a fi ń sinmi lẹ́yìn lẹ́kítọ̀ ni." Ó dáa, ẹ sinmi. Ṣùgbọ́n ẹ má wá fi ohun tí ẹ rí níbi ìsinmi dá ẹjọ́ ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn míì á ní kò sówó sítíà. Òótọ́ ni. Logitech G29 ń yí 900 dígírì, ìyẹn ìgbà méjì àbọ̀, ọwọ́ yín á sì máa gbọ́ bí ọ̀nà ṣe rí. Kíbọ́ọ̀dù la ní, A fún òsì, D fún ọ̀tún, kò mọ díẹ̀, kò mọ púpọ̀. Ṣùgbọ́n kéèyàn dín "steering sensitivity" kù, kó sì fa stability sápá òsì, kọ́bọ̀ kan ò ní jáde lápò yín.

Àwọn kan á tún ní mò ń gbè sẹ́yìn àwọn dírẹ́bà torí ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Ẹ gbọ́ o. Ẹnu Bàbá fúnra ẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ pé òun ti gbé kọ̀ntẹ́nà jáde rí pẹ̀lú lọ́ọ̀kì méjì péré tó ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó ni ọkọ̀ ní kó máa lọ, bí kò bá lọ, ẹlòmíì wà níta tó máa gbà á. Owó ilé ìwé ọmọ ń bẹ lọ́rùn ẹ̀. Ó ní gbogbo kọ́nà tí òun gbà lọ́jọ́ náà lòun ń pe Ọlọ́run. Ó ní òun ṣe àìdáa, òun ò sì ní ṣe é mọ́. Ara rẹ̀ yá gágá lọ́jọ́ náà o, ojú ẹ̀ sì mọ́ kedere! Ẹ wá sọ fún mi, èwo nínú ewì àti ìtàn wa lọkùnrin yẹn wà?

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Iwájú nìkan là ń wò nínú ìwé wa: ẹ̀jẹ̀, ariwo, òkú. Ohun tó gbé ọkọ̀ ṣubú wà lẹ́yìn, kò sẹ́ni tó yíjú wò ó. Nínú géèmù, bí o bá ṣubú, wàá tẹ F7, wọ́n á wọ́ ẹ lọ sí gáréèjì, wọ́n á yọ owó díẹ̀, eré á tún bẹ̀rẹ̀. Lójú ọ̀nà Ìkòròdú sí Ṣàgámù, kò sí F7.

Ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀. Ẹ fa stability yẹn wá sápá òsì fún ọ̀sẹ̀ kan péré. Ẹ gbé tọ́ọ̀nù 22. Ẹ jẹ́ kó dà yín nù bó ṣe dà mí nù. Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó, ẹ kọ ewì yín. Bó bá ṣì wù yín kí dírẹ́bà mutí, ẹ jẹ́ kó mu. Àmọ́ ẹ kọ kòtò náà sí i, ẹ kọ lọ́ọ̀kì méjì tí kò ṣiṣẹ́ sí i, ẹ sì kọ ẹni tó ni ọkọ̀, tó wà nílé tó ń retí owó, sí i.

Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, ẹ mọ yàrá mi. Ẹ kàn mú ṣájà yín dání.