Ta Ló Fi Wá Joyè Àkìtàn?

Àwọn àgbà ní àkìtàn kì í kọ ẹ̀gbin. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ ibi tí wọ́n ti ní kí ènìyàn fi ara rẹ̀ joyè àkìtàn. Ohun tí ó mú ọ̀rọ̀ yìí wá ni Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkòkòmáíkò ní ìwọ̀ oòrùn Èkó, níbi tí àwọn Àwórì ti ń pẹja, tí wọ́n sì ń dáko, kí ọjà Alábà tó gbilẹ̀ ní Ọ̀jọ́. Ọjà yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń yangàn pé ọ̀làjú ti dé bá wa. Tẹlifíṣọ̀n, fìríìjì, kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ amúlétutù, kò sí èyí tí a wá débẹ̀ tí a kò ní í rí. Èmi kò fara mọ́ ìyangàn náà. Ọjà tuntun wà níbẹ̀ lóòótọ́. Àlòkù ni mo ń bá wí. Ní ti àlòkù, Alábà ni ibi tí ọ̀làjú àwọn ẹlòmíràn ń ju egungun sí lẹ́yìn tí ó ti jẹ ẹran tán.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà, Tòkunbọ̀. Orúkọ ọmọ ni. Ọmọ tí a bí ní òkè òkun, tí àwọn òbí rẹ̀ sì gbé wálé, ni à ń pè bẹ́ẹ̀. Orúkọ ayọ̀ ni, orúkọ àpọ́nlé sì ni. Ní ọdún 1986, ìjọba ológun Babangida gbé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí gbogbo wa mọ̀ sí SAP kalẹ̀. Náírà já wálẹ̀, ọjà tuntun sì di ohun tí apá òṣìṣẹ́ kò ká mọ́. Bí ọkọ̀ àlòkù ṣe gba orúkọ mọ́ ọmọ lọ́wọ́ nìyẹn. Fìríìjì tẹ̀ lé e, tẹlifíṣọ̀n sì tẹ̀ lé fìríìjì. Bí ìran kan bá lè yọ orúkọ ọmọ rẹ̀ fún ohun tí ẹlòmíràn ti lò sú, ẹ̀rí ìjórẹ̀yìn wo ni a tún ń wá kiri?

Ìwádìí kan tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lọ́wọ́ sí ní àwọn èbúté Èkó ní ọdún 2015 àti 2016 fi hàn pé ẹ̀rọ àlòkù tí ń wọlé lọ́dún kan tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 60,000. Inú ọkọ̀ àlòkù ni wọ́n ti di èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn sí. Èyí tí ó lé ní tọ́ọ̀nù 15,000 ni kò ṣiṣẹ́ rárá nígbà tí ó gúnlẹ̀. Ta ní ń fi owó ọkọ̀ ojú omi gbé òkú ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn? Ẹni tí owó ìsìnkú wọ́n ní ìlú tirẹ̀ ni. Ní Yúróòpù, òfin ti di ẹrù pípalẹ̀ òkú ẹ̀rọ mọ́ lé ẹni tí ó ṣe é lórí. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ yẹra fún ìnáwó náà a pe òkú ní ọjà, a sì tà á fún wa. A tún ń ná an!

Mo mọ̀ pé àkìtàn kì í ṣe ohun àjèjì ní ilẹ̀ wa. Lẹ́yìnkùlé àwọn baba wa ni ó máa ń wà. Eérú, èèpo iṣu, ewé iran àti àpáàdì ni wọ́n ń dà síbẹ̀. Bí òjò bá rọ̀ sí i, ilẹ̀ ibẹ̀ a lọ́ràá, tẹ̀tẹ̀ a hù lórí rẹ̀, ìyàwó ilé a sì já a sínú ọbẹ̀. Àkìtàn àtijọ́ ń san gbèsè rẹ̀ padà fún ẹni tí ó ni ín. Ti ìsinsìnyí kì í san gbèsè. Òjé wà nínú dígí tẹlifíṣọ̀n onígbá gbọ̀ngbọ̀. Èéfín wáyà tí a dáná sun nítorí bàbà inú rẹ̀ jẹ́ májèlé. Òjé kì í jẹrà, ọpọlọ ọmọdé ni ó sì máa ń kọ́kọ́ bá jà. Ní Zamfara ní ọdún 2010, níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta wá góòlù, ó pa ọmọ tí ó lé ní irínwó. Ṣé ó di ìgbà tí ó bá tó bẹ́ẹ̀ ní etí ọ̀sà kí a tó lajú?

Àwọn kan yóò dá mi lóhùn pé iṣẹ́ ni, pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ń jẹun níbẹ̀. N kò jiyàn. Kódà, mo bọ̀wọ̀ fún àwọn tí ń tún ẹ̀rọ ṣe ní Alábà. Ohun tí òyìnbó ní kò ṣeé lò mọ́, wọ́n á tú u palẹ̀, wọ́n á sì jí i dìde. Bí a bá ń wá ọ̀làjú, ọwọ́ wọn ni ó wà. Ṣùgbọ́n títún nǹkan ṣe yàtọ̀ sí dídáná sun ún. Ọmọ tí ó dúró nínú èéfín wáyà kò kọ́ iṣẹ́ kankan. Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ni ó ń tà díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí ó bá da àwọn méjèèjì pọ̀ ń fi ìtìjú alágbára bò ó láṣìírí ni. Ẹ̀bi náà kì í sì í ṣe ti ẹ̀yà kan. Ẹni tí ó tà, ẹni tí ó rà, àti aṣọ́bodè tí ó wò níran ni wọ́n jọ ni ín.

Kì í ṣe pé a kò ní òfin. Ní ọdún 1988, nígbà tí a bá májèlé tí wọ́n kó wá láti Ítálì ní Kòkó, gbogbo orílẹ̀-èdè yìí fi ìbínú dìde. A dá ẹrù náà padà sójú òkun, ìjọba sì ṣe òfin tí ó fi ẹ̀wọ̀n gbére halẹ̀ mọ́ ẹni tí ó bá tún dán irú rẹ̀ wò. Ní ọdún 2011, a tún ṣe ìlànà fún ẹ̀rọ iná mànàmáná ní pàtó. Kí ni ó wá yí padà láàárín Kòkó àti Ọ̀jọ́? Ti Kòkó jókòó sínú àgbá, a sì pè é ní májèlé. Ti Ọ̀jọ́ ní bọ́tìnì lára, a sì pè é ní ọjà.

Ọ̀nà tí ń gbé ẹrù náà kọjá pàápàá ń jẹ́rìí. Ọdún 2009 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ òpópónà Èkó sí Àgbádárìgì di ojú ọ̀nà mẹ́wàá, tí ojú irin yóò sì ti Marina wá dé Òkòkòmáíkò. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, Mile 2 ni ó ti ń padà. Kóńténà òkú ẹ̀rọ rọ́nà dé ọ̀dọ̀ wa. Ọkọ̀ tí ìbá gbé alààyè lọ síbi iṣẹ́ kò rọ́nà. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1983, wà ní Ọ̀jọ́ kan náà. Ọ̀nà tí ó gba ẹnu ibodè rẹ̀ kọjá sí Ìbà ni a ń tọ̀ dé Ìgàndó, níbi tí wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kó ìdọ̀tí Èkó jọ di òkè. Ìmọ̀ wà ní ìpẹ̀kun ọ̀nà kan, ìdọ̀tí wà ní ìkejì.

Ohun tí mo ń béèrè kò le. Kí aṣọ́bodè ki wáyà bọ iná ní èbúté. Èyí tí kò bá jí, kí ó bá ọkọ̀ tí ó gbé e wá padà. Kí ilé iṣẹ́ tí ó ṣe ẹ̀rọ fi owó sílẹ̀ fún ìsìnkú rẹ̀ níhìn-ín gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣe ní ilé. Kí yunifásítì àti àwọn atúnrọṣe Alábà jókòó sí orí àga kan náà, kí wọ́n kọ́ ara wọn níṣẹ́. Àti ìwọ tí ń kàwé yìí, nígbà mìíràn tí o bá fẹ́ ra tòkunbọ̀, béèrè ibi tí yóò sùn lọ́jọ́ tí ó bá kú. Bí ẹni tí ń tà á kò bá mọ̀, ilé rẹ ni, tàbí ilé ọmọ aládùúgbò rẹ ní Ọ̀jọ́.