Orúkọ Ta Ló Yẹ Iwájú Ilé Ẹjọ́?

Láti 1916 títí di oṣù Kẹta 2022, ère ọmọkùnrin kan tó di àsíá mú dúró síwájú ilé ẹjọ́ káúńtì Talbot ní Easton, ìpínlẹ̀ Maryland, Amẹ́ríkà. Orúkọ àwọn tó jà fún Gúúsù nínú ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, kí oko ẹrú má bàa tú, ni wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ Talbot tó jà fún ìjọba àpapọ̀ pọ̀ jù wọ́n lọ. Aláwọ̀ dúdú méjìdínlógún nínú wọn ló padà dé, tí wọ́n tẹ abúlé Unionville dó.

Káúńtì yìí náà ni wọ́n ti bí Frederick Douglass, gbajúmọ̀ tó jà kí oko ẹrú tú, sínú oko ẹrú. Ní 1836, wọ́n tì í mọ́lé ní Easton torí ó fẹ́ sá. Ní 1878, inú ilé ẹjọ́ yìí ló ti wá sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé ère tirẹ̀ síbẹ̀, àwọn kan ní ológun nìkan ni ọgbà ilé ẹjọ́ náà wà fún. Ẹ gbọ́ àwáwí! Ère ọ̀hún dé ní 2011.

Ní 2021, ìgbìmọ̀ káúńtì dìbò, 3 sí 2, pé kí ère ti Gúúsù kúrò. Pápá ogun àtijọ́ kan ní Virginia ni wọ́n gbé e lọ. Ìpinnu náà tọ́, bó tilẹ̀ pẹ́: kò yẹ kí aláwọ̀ dúdú tó ń lọ jẹ́jọ́ máa gba abẹ́ àsíá Gúúsù wọlé.