Ọmọ Tí Wọ́n Ń Tìlẹ̀kùn Mọ́

Afín, abuké àti arọ, ẹni òrìṣà ni àwọn baba ńlá Yorùbá ń pè wọ́n, nítorí ìgbàgbọ́ wọn ni pé Ọbàtálá ló mọ wọ́n bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá fi wọ́n ṣẹ̀sín, òrìṣà ni ó ń bú. Ṣùgbọ́n ọmọ tí gbogbo ara rẹ̀ pé, tí ó pé ọdún mẹ́rin láìsọ̀rọ̀, tí kì í sì í wo ojú ìyá rẹ̀, kò rí irú ààbò bẹ́ẹ̀. Wọn a ní emèrè ni, tàbí kí wọ́n ní ìyá rẹ̀ ló mọ ohun tí ó ṣe.

Ohun tí ó ń gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ là láyé àtijọ́ ni agbo ilé. Ìyá àgbà kan kì í ṣàìsí nílé. Ọmọ náà a jókòó tì í níbi tí ó ti ń bó ẹ̀gúsí, a sì máa tẹ̀lé àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sódò. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti dá àgbègbè ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní Ìkejà, ṣáájú kí Ìpínlẹ̀ Èkó tó wáyé ní 1967, ni òṣìṣẹ́ ti ń wọ Ìkejà àti Agége láti ìlú gbogbo, tí wọ́n sì ń fi ìyá àgbà sílẹ̀ nílé. Yàrá kan ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbà. Bí bàbá bá wà lẹ́nu ṣíìfù, tí ìyá ń kiri búrẹ́dì, ta ni yóò dúró ti ọmọ? Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ìkà kọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹ̀rù mọ́tò àti ojú irin ń bà wọ́n, ojú aládùúgbò sì ń tì wọ́n. Àmọ́ ọmọ tí ó nílò kí wọ́n máa bá a sọ̀rọ̀ ju gbogbo ọmọ lọ ni ó ń gbé inú ìdákẹ́jẹ́ láti àárọ̀ dé alẹ́.

Òfin wà. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe tirẹ̀ lórí àwọn àkàndá ẹ̀dá ní 2011, ìjọba àpapọ̀ ṣe tirẹ̀ ní 2019. Ilé-ẹ̀kọ́ Modupe Cole ti ìjọba wà ní Akoka. Kí ẹni tí ó bá rò pé ìyẹn tó gbìyànjú àtigbé ọmọ ọdún mẹ́jọ tí kò lè dá dúró wọ dánfó láti Agége dé Akoka, àlọ àti àbọ̀, lójoojúmọ́! Ti aládàáni wà ní Ìkejà, ṣùgbọ́n owó oṣù òṣìṣẹ́ kò ká a.

Àdúgbò ni ó yẹ kí ìrànlọ́wọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ètò kan fún òbí àwọn ọmọ ọdún 2 sí 9 tí ìdàgbàsókè wọn falẹ̀: ìpàdé 9 àti àbẹ̀wò sílé 3. Kò di dandan kí dókítà darí rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti gba ẹ̀kọ́ rẹ̀ lè ṣe é. Wọ́n ń kọ́ òbí láti fi iṣẹ́ ilé bá ọmọ ṣeré, láti kọ́ ọ ní ọwọ́ fífọ̀ díẹ̀díẹ̀, láti mọ̀ pé igbe tí ó ń ké lè jẹ́ ọ̀rọ̀ tí kò rí ẹnu sọ. Ìyá àgbà tí ń fi ẹ̀gúsí lé ọmọ lọ́wọ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan ti ń ṣe díẹ̀ nínú èyí tipẹ́tipẹ́.

Kí ìjọba ìbílẹ̀ Agége àti ti Ìkejà ya yàrá kan sọ́tọ̀ nínú ilé ìwòsàn wọn fún irú ìpàdé bẹ́ẹ̀, ní ọjọ́ Sátidé tàbí Àìkú tí àwọn òṣìṣẹ́ ráyè. Kí onílé má sì ṣe lé ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń pariwo lóru jáde. Kí àwọn obìnrin inú ilé náà pín ọjọ́ láàárín ara wọn láti máa jókòó ti ọmọ náà, kí ilẹ̀kùn lè wà ní ṣíṣí.