Ẹ̀sùn Àkọ́kọ́: Obìnrin Ni

Ẹ̀sùn méjì ni Ìjọ Áńgílíkà ilẹ̀ Nàìjíríà kà sí Sarah Mullally lẹ́sẹ̀ ní Oṣù Kẹwàá ọdún 2025, nígbà tí wọ́n kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Canterbury. Ìkejì, ìyẹn ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin, a kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lé e lórí níbí. Ìjọ ló ni ẹ̀kọ́ rẹ̀. Àkọ́kọ́ ló ń bí wa nínú. Kí ni wọ́n ló ṣe? Obìnrin ni. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ náà nìyẹn, òun ni wọ́n sì kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ kí wọ́n tó dé orí ìkejì.

A gbà pé tọkàntọkàn ni Olórí Ìjọ náà, Henry Ndukuba, fi sọ ohun tó sọ. Àwa náà ti ka ohun tí Pọ́ọ̀lù kọ sí Tímótì nípa obìnrin. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbè é lẹ́sẹ̀ tún fa Éfésù orí 5 yọ: ọkọ ni olórí aya, torí náà obìnrin kò gbọdọ̀ ṣe olórí ìjọ. Ta wá ni ìyàwó bíṣọ́ọ̀bù níbẹ̀, gbogbo ìjọ ni? Dèbórà ní ọkọ nílé, Lápídótì lorúkọ rẹ̀, ìyẹn kò sì ní kó má ṣe adájọ́ Ísírẹ́lì. Mullally náà lọ́kọ. A ò tíì gbọ́ pé ọkọ rẹ̀ wá fẹjọ́ sùn ní Àbújá.

Ẹ yà sí ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà ní Ìwó níbí lọ́jọ́ Sátidé, kẹ́ ẹ wo ẹni tẹ́ ẹ máa bá níbẹ̀. Àwọn obìnrin ni: èyí ń gbálẹ̀, èyí ń nu àga, ìyá àgbà kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń wọ́n omi sí aṣọ funfun tí wọ́n máa tẹ́ sórí pẹpẹ kó tó lọ̀ ọ́. Bí ìkórè bá dé, owó tí wọ́n fi gbogbo ọ̀sẹ̀ pa lọ́jà Odò-Orí ni wọ́n ń tú létí ìró. Ó wá di ọjọ́ Àìkú, ìyá tó lọ aṣọ pẹpẹ kò gbọdọ̀ dúró nídìí pẹpẹ. Owó rẹ̀ nìkan ló lè débẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní Oṣù Kejìlá ọdún 1993, Bíṣọ́ọ̀bù Herbert Haruna ti Kwara gbé ọwọ́ lé obìnrin mẹ́ta lórí, ó fi wọ́n ṣe díákónì. Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Adétilóyè, olórí Ìjọ náà nígbà yẹn, wọ́gi lé e. Ó di 2010 kí wọ́n tó ṣíjú àánú wò wọ́n: obìnrin lè ṣe díákónì, bó bá jẹ́ iṣẹ́ ilé ìwòsàn tàbí ti ilé ẹ̀kọ́ ni. Ẹ ṣeun o! Mullally kúkú ti ṣe olórí gbogbo nọ́ọ̀sì ìjọba nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí, láti 1999 dé 2004. Bí Canterbury bá sú u, kó máa bọ̀ ní Nàìjíríà, a ó wá bẹ́ẹ̀dì tó máa tẹ́ fún un.

Wọ́n á ní àṣà òyìnbó ni kí obìnrin máa ṣe bíṣọ́ọ̀bù. Ṣé òyìnbó ni Ellinah Wamukoya, tó di bíṣọ́ọ̀bù Swaziland ní 2012? Kẹ́ńyà fi Rose Okeno jẹ bíṣọ́ọ̀bù Butere ní 2021, inú GAFCON, ẹgbẹ́ àwọn Áńgílíkà tó di ẹ̀kọ́ àtijọ́ mú, ni ìjọ Kẹ́ńyà àti ti Nàìjíríà sì jọ wà. Nílẹ̀ wa níbí, Christianah Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n wà lára àwọn tó dá Kérúbù àti Séráfù sílẹ̀ ní 1925. Àwọn Onítẹ̀bọmi, tí wọ́n ni Yunifásítì Bowen tó wà ní Ìwó, ń gbé ọwọ́ lé obìnrin lórí fún iṣẹ́ àlùfáà. Àwọn Onítẹ̀bọmi ti apá Gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, tó rán míṣọ́nnárì Bowen tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe yunifásítì náà wá sílẹ̀ yìí, ló lé ìjọ Saddleback dànù ní 2023 nítorí obìnrin tó ń ṣe pásítọ̀. Ọmọ ti gbọ́n ju bàbá lọ.

Kí sínóòdù gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kí obìnrin sọ tẹnu wọn, kí wọ́n sì dìbò lé e. Kó tó dìgbà náà, ẹ̀yin ìyá ìjọ, ẹ̀yin lẹ mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi owó ìkórè ṣe.